Ilé Tí Ọ̀jẹ́labí Fi Itọ́ Mọ

“Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.” Bí àwọn àgbà Òkè-Àràbà ṣe pa òwe yìí níbi ìpàdé ẹbí kan, ìyàwó tuntun tó ń bu omi fún wọn dúró. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tiẹ̀ fi itọ́ mọ ilé rí?” Ọ̀kan wo àjà. Èkejì fa áṣáà símú. Ẹ̀kẹta ní oorun ń kun òun. Ojú ló ń tì wọ́n, nítorí baba ńlá wọn ni.

Ọ̀jẹ́labí lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ kò sí iṣẹ́ tó tó ṣe lójú rẹ̀ àfi bí iná bá jó dé orí kókó. Nígbà tí wọ́n fún un ní Àwẹ̀ró láti fẹ́, bàbá ọmọ náà wí lójú gbogbo ẹbí pé: “Bí òjò bá dáwọ́ dúró, tí a kó iṣu wọlé tán, a ó mú ìyàwó wá. Bí a bá bá ilé lórí ìdúró, ó di tìrẹ. Bí a ò bá bá ilé, a ó mú ọmọ wa padà.”

Kútẹ̀yí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. “Òjò ń rọ̀, omi pọ̀. Jẹ́ ká pe ọ̀wẹ̀, ká po amọ̀. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ ká tó gbé òmíràn lé e.”

“Kútẹ̀yí, ilẹ̀ ò kúkú ní sá lọ. Ẹsẹ̀ mi kì í yá àfi bí ajá bá ń lé mi.”

Òjò rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Iṣu ta, wọ́n wà á. Ọ̀jẹ́labí ń kọ́ bí a ṣe ń súfèé bí àparò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àna rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọ̀la làwọn ń bọ̀. Ajá dé! Ọ̀jẹ́labí sáré yí abúlé ká, ó pe ọ̀wẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ gbé ọkọ́ dé, wọ́n wa erùpẹ̀ jọ gègèrè.

“Omi dà?” ni Kútẹ̀yí wí.

Odò Òkè-Àràbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá ti lọ, òun náà a lọ. Omi tó kù nínú ìkòkò kò ju ti mímu lọ, ìyá Ọ̀jẹ́labí sì ti jókòó lé ìdérí tirẹ̀.

“Mo ti rò ó,” ni Ọ̀jẹ́labí dáhùn. “Ẹ máa tutọ́ sí i.”

“Ká máa kí ni?”

“Ṣé itọ́ kì í ṣe omi ni?”

Wọ́n tutọ́. Ògiri ò tíì dé orúnkún tí ẹnu fi gbẹ. “Ẹnu mi ti di èèpo ẹ̀pà!” ni Kútẹ̀yí kígbe.

Ni Ọ̀jẹ́labí bá gun orí kùkùté. “Ẹ gbọ́! Ìgalà tí mo máa yan fún yín, ọ̀rá rẹ̀ á máa kán síná, ṣàà! Ata, irú, iyán tó funfun bí òwú...” Itọ́ sun lẹ́nu gbogbo wọn bí ìsun.

“Má dákẹ́ o!” ni àwọn tó ń po amọ̀ ń pariwo. “Ó ku yàrá ìyàwó!”

Ó sọ̀rọ̀ dé orí ìgbín, ògiri dé àyà. Ó dé orí òkété, ògiri ga ju èèyàn lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi koríko bò ó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àna dé. Ilé dúró. Ọ̀jẹ́labí wọ agbádá jáde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, ó tẹ̀, ó sì rọra sùn gbọọrọ níwájú àwọn àna. Òrùlé bo ọkọ ìyàwó mọ́lẹ̀.

“Bàbá, ẹ dá a lóhùn o,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ilé ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí yín.”

Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Gbé ẹrù rẹ. Ó di ilé.”

Orí Ọ̀jẹ́labí yọ láàárín koríko. “Ẹ dúró! Àwọn ọ̀tá ló wó o! Ìjì ò jà, òjò ò rọ̀! Ta ló fọwọ́ kàn án?”

Àwẹ̀ró ti gbẹ́rù rù. Ó rọra lóṣòó, ó fọwọ́ gbá orí ewéko tí gbogbo wọn dúró lé, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ tó tutù rinrin sí i.

“Ọ̀tá rẹ rèé. Bó o bá tún máa kọ́lé dè mí, kọ́ ọ nígbà òjò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.”