Bí Ọ̀pá Ìbọn Ṣe Kọ Ilà

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun gbogbo ṣì lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, ọta ló máa ń yan ibi tí yóò jókòó sí nínú ìbọn. Bí ọdẹ bá ti da Ẹ̀tù sínú ìbọn, tó ju Ọta tẹ̀lé e, Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn yóò wọlé, yóò máa ti Ọta lọ sí ìsàlẹ̀. Ọdẹ yóò wá bèèrè pé, "Ọta, ṣé o ti jókòó?" Bí Ọta bá ní òun ti jókòó, ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣọdẹ!

Ọta kan wà lápò ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí. Ó ń dán, ó wúwo, ṣùgbọ́n ojo paraku ni. Ẹ̀tù ló ń bẹ̀rù. Nínú gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ jókòó ti Ẹ̀tù, kò sí èyí tó padà wá sílé. Bí ọwọ́ ọdẹ bá ti wọ àpò báyìí, á sá sábẹ́ àwọn yòókù.

Lásìkò náà, Ẹkùn ti kó ewúrẹ́ abà wọn jẹ tán, ènìyàn ló wá kù tó ń wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Móradéùn, ìyàwó Ọdẹ́gbàmí, pọnmọ, ó ń ti odò bọ̀, ni Ẹkùn bá dábùú ọ̀nà níwájú rẹ̀.

"Baálé mi o! Ẹ gbà wá o!"

Ọdẹ́gbàmí sáré gbé ìbọn. Ó da Ẹ̀tù sí i. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, Ọta ojo yìí ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ló bá jù ú sí i.

Inú ìbọn ṣókùnkùn. Ọta wo ìsàlẹ̀, ó rí Ẹ̀tù tó dúdú, tó dákẹ́ rọ́rọ́, jìnnìjìnnì sì bò ó.

"Sún mọ́ mi, ọmọ," ni Ẹ̀tù wí jẹ́jẹ́. "Fẹ̀yìn tì mí. Bí mo bá jí tí mo bá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá gbé ọ lọ síta. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí tí mo bá àyè òfìfo, n kò mọ ohun tí n ó fọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí tún dá kún ẹ̀rù Ọta. Ó rọ̀ mọ́ Ọ̀pá.

"Bàbá Ọ̀pá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ lágbedeméjì níhìn-ín. Ẹ má tì mí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Kí ni ọdẹ yóò wí?"

"N ó sọ fún un pé mo ti jókòó. Kò kúkú lè rí inú ibí."

Àánú ṣe Ọ̀pá. Àgbàlagbà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé rárá! Ó dúró, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ọta, ṣé o ti jókòó?"

"Mo ti jókòó!"

Ọdẹ́gbàmí yin ìbọn.

Ẹ̀tù jí, ó nawọ́, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó ya wèrè nínú àyè òfìfo náà, ó kọlu Ọta, ó yíjú sí ara ìbọn, ó sì fà á ya bí ẹni fa ewé ya. Gbàù! Ìró náà lé Ẹkùn wọgbó. Móradéùn sáré dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì Ọdẹ́gbàmí ti já bọ́ sínú koríko, Ọta náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Irọ́ ni mo pa," ni Ọta ń sunkún. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà," ni Ọdẹ́gbàmí dáhùn, bí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọ̀já ọmọ di ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ mo dúró síbi tó yẹ kí n dúró."

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ rọ ìbọn mìíràn, Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ fi Ọ̀pá ti Ọta títí ó fi fẹ̀yìn ti Ẹ̀tù. Ó mú ọ̀bẹ, ó kọ ilà sára Ọ̀pá gẹ́lẹ́ níbi tí ẹnu ìbọn mọ.

"Yéè! Ó dùn mí!" ni Ọ̀pá ké.

"Ó dun èmi náà."

Láti ọjọ́ náà ni ọdẹ kì í ti í bi ọta léèrè mọ́. Ilà ara ọ̀pá ni wọ́n ń wò. Bí ilà bá ṣì ga ju ẹnu ìbọn lọ, ọta ń sá nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ìbọn náà. Ẹ̀rù kò sì tíì tán lára Ọta. Bí ìbọn bá dún, tí ẹ gbọ́ ohun tó ń ké fíìì kọjá lórí igbó, òun ni. Ó ń ké, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ jókòó.