Alángbá Ìdí Ìbọn
Ìtàn mi gbéra ńlẹ̀, ó di ilé Olóyè Ọ̀ṣúntókì, ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í jà níyàn ní Òkè-Ọsàn, tó fẹ́ fi oko kòkó rẹ̀ gba ìbọn ogun àtijọ́ kan lọ́wọ́ Lámídì oníṣòwò. Bámgbàlà, arìnrìn-àjò arúgbó tó wọ̀ sílé olóyè, ní ayédèrú ni, olóyè sì dá a lóhùn pé: "Fi hàn kí oòrùn ọ̀la tó kan àtàrí, má sì fọwọ́ kan ìbọn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́rù ẹ." Bámgbàlà dọ̀bálẹ̀, ó yíjú sí Lámídì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí, ojú àgbà ló ṣe bàìbàì. Ìbọn ogun tòótọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ alángbá sábẹ́ ìdí rẹ̀. Ṣé tiyín ní in?" "Ó ní in dáadáa, bàbá arìnkiri," ni Lámídì wí, ló bá wé ìbọn náà, ó ní òun ń lọ nù ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yí abẹ́ ìdí ìbọn sókè níwájú olóyè. Alángbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n gbẹ́ funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, igi tó kù sì dúdú fún èéfín. Bámgbàlà ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Irọ́ ni mo pa lánàá. Ìbọn ogun kankan ò ní alángbá." Lámídì kò dúró gbomi mu. Olóyè wá ní kí arúgbó náà sọ ohun tó fẹ́ gbà. "Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lójú títì," ni Bámgbàlà fèsì, "ẹ gbé mi wọlé, ẹ ò bi mí léèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ti gbà á, olóyè. Ẹ ṣeun."