Ohun tí Fáànù Ìlú Olóoru Ń Ké Fún

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní, mo kí yín; ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí yín; ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń fi etí kan gbọ́ mi, tí ẹ ń fi etí kejì gbọ́ ìkòkò tó ń hó lórí iná, ẹ kú iṣẹ́, kí ọbẹ̀ má jóná o. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ìpàpó ní Òkè-Ògùn, tí mo ti ń fi ìbọn jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun bí òwú yìí.

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ará ilé ń pè mí ní Bàbá Onífáànù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò bá sọ igbó di kìjikìji tí ọdẹ kò rí iwájú, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń tú fáànù tí àwọn ènìyàn ti sọ nù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ti ìyàwó mi Ṣẹ́gilọlá ni mo kọ́kọ́ tú, èyí tí ìyá rẹ̀ rà fún un lọ́dún tí ó bí Àbẹ̀ní. Mo tú u bí ẹni ń kun ẹran, mo sì ń to gbogbo rẹ̀ sórí ẹní bí mo ṣe ń yọ ọ́, kí n lè dá a padà bí mo ṣe bá a: àgò tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ki ìka bọ̀ ọ́, apá tó ń gbá afẹ́fẹ́, irin gbọọrọ tí apá náà so mọ́, búùṣì tí irin náà ń yí nínú rẹ̀ bí ọrùn ṣe ń yí láàrin èjìká, wáyà bàbà tí wọ́n wé bí òwú ara kẹ̀kẹ́, àti àpò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní kàpásítọ̀, tó máa ń ta ẹ́ńjìnì nídìí kí ó tó gbéra. Nígbà tí mo tò ó tán, mo wò ó, mo ní, "Háà, ẹran mà ni fáànù! Ó ní egungun, ó ní iṣan, ó sì ní ibi tí àìsàn ń gbà wọlé sí i lára."

Ní ọdún kan tí ẹ̀ẹ̀rùn le, èmi àti Ògúndíran múra láti lọ ṣọdẹ ní Igbó Agbénimì. Àbúrò ìyàwó mi ni Ògúndíran, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọkùnrin tí ìyá wọn bí. Ṣẹ́gilọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di àyà mú.

"Bàbá Àbẹ̀ní, bí ẹ bá pa ẹran, ẹ gbé e wá, bí ẹ kò pa á, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé tí n kò rí Ògúndíran lẹ́yìn yín, ẹ má kan ilẹ̀kùn mi."

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin kọ́. Igbó ni."

A rìn títí a fi dé ibi tí ewé igi ti ká kò bí etí àgbàlagbà ajá, tí ilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí aáyán ń fi ẹsẹ̀ kan rìn. Ẹtu kan sáré bọ̀ wá pàdé wa, ó dúró, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú ìrìn o. Ẹ yìnbọn fún mi bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n padà sọ́dọ̀ ohun tó ń ké lẹ́yìn mi yẹn." Kí n tó dá a lóhùn, ohun náà ké. Igbe rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin nínú agbárí ènìyàn.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìlú Olóoru ti yọ sí wa, irun orí wọn pupa bí ẹyin iná, èéfín sì ń jáde ní imú wọn bí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Mo yìnbọn, ọ̀kan dojú bolẹ̀. Ògúndíran ju àdá, apá ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ń ta pàtìpàtì bí ẹja tí wọ́n fà sókè odò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eéṣú ni í borí ògbó: wọ́n fi kùmọ̀ yọ eyín mi níwájú, wọ́n fi okùn dè wá bí ìdì igi, wọ́n sì wọ́ wa lẹ́sẹ̀ wọ ìlú.

Àárín àpáta gbígbóná ni ìlú náà wà, bí ẹyin nínú ìkòkò. Láàrin ọjà ni mo ti rí ohun tó ń ké. Fáànù ni, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ojú, ó ní ẹnu, apá rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti ṣí àgò rẹ̀ kúrò, wọ́n sì kọ́ pèpéle kan sí iwájú rẹ̀. Ìrù rẹ̀, wáyà dúdú tó nípọn bí ojòlá, wọ inú adágún tí ẹja òjíjí kún fọ́fọ́, àwọn ẹja tó ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń fún un ní agbára.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Adúnbárìn gbé omi wá fún wa. "Ẹ mu, ẹ̀yin àlejò. Ẹ má bínú sí wa. Bí ó bá ké, ebi ni ó ń pa á. Bí ó bá jẹ ènìyàn, yóò dákẹ́. Bí kò bá jẹ, yóò dúró. Bí ó bá sì dúró, oru àpáta yìí yóò sè wá jinná. Àlejò ni a máa ń fún un. Bí àlejò bá wọ́n, a ó ṣẹ́ gègé láàrin ara wa." Ó gba igbá kúrò lẹ́nu mi. "Ọmọ mi méjèèjì ti lọ."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ẹlẹ́mu kan tí wọ́n ti mú ṣáájú wa gun pèpéle. Olúbọ, ìyẹn ọkùnrin sàngbọ̀nrọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bọ́ fáànù, tì í láti ẹ̀yìn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yí i fún yín: orí ẹlẹ́mu náà lọ sí ìhà kan, ara rẹ̀ lọ sí ìhà kejì, ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n wọ ọrùn fáànù níbi tí irin rẹ̀ ti wọ inú búùṣì. Igbe náà rọlẹ̀. Ó di ìkérora. Ó dákẹ́. Gbogbo ìlú hó yèè.

Ṣùgbọ́n etí ọdẹ kì í sùn. Oòrùn kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀jẹ̀ náà fi gbẹ, tí igbe tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ ohùn náà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáànù ìyàwó mi ṣe ń ké lọ́jọ́ tí òróró tán nínú búùṣì rẹ̀. Kì í ṣe ebi. Ọ̀fun ni ó gbẹ.

Wọ́n ti tú Ògúndíran lókùn, wọ́n ń tì í lọ sí pèpéle. Ó ń kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa mí!" Mo pariwo débi pé ẹ̀jẹ̀ tú ní ẹnu mi:

"Olúbọ! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ebi kò pa nǹkan yín. Òróró ni ó ń ké fún!"

Ó gbá mi létí. "Wò ó, ẹran ń kọ́ apẹran bí wọ́n ṣe ń dáná! Ta ni ó bí ọ? Bàbá mi bọ́ fáànù yìí, bàbá bàbá mi bọ́ ọ."

"Ṣé ó yó rí?"

Adúnbárìn ni ó bọ́ síwájú, ó ní, "Olúbọ, jẹ́ kí ó gbìyànjú. Bí ó bá parọ́, pèpéle kò lọ síbì kan." Àwọn ènìyàn kùn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Olúbọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára. Bí oru bá pa ẹnì kan ṣoṣo kí o tó parí, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò jẹ."

Wọ́n tú mi lókùn, wọ́n dá àdá àti àpò ọdẹ mi padà fún mi, mo sì sáré lọ sí etí adágún. Ọba àwọn òjíjí yọ orí, mo wúre fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú ìrù náà sílẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ó ti pẹ́ tí a ti ń retí ẹni tí yóò wí bẹ́ẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń le ni ó ń fa agbára wa mu sí i. Àwọn ọmọ mi ń kú lójú omi." Wọ́n tú ìrù náà sílẹ̀, mo fà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Apá fáànù yí, ó yí, ó dúró. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni oru bọ́ lé wa lórí bí odindi òkúta, àwọn ọmọdé ń ṣubú láàrin ọjà, àwọn ìyá wọn ń fi ìgbálẹ̀ fẹ́ wọn.

Mo gun àkàsọ̀ pẹ̀lú Ògúndíran. Mo kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ má fọwọ́ kan kàpásítọ̀, àpò dúdú tó wà nídìí ẹ́ńjìnì yìí o. Bí ìrù rẹ̀ tilẹ̀ ti kúrò nínú omi, agbára ṣì wà nínú rẹ̀, bí orí paramọ́lẹ̀ tí a ti bẹ́ ṣe lè bu ni ṣán." Olúbọ gun àkàsọ̀ kejì. "Èmi tí mo ń bọ́ ọ láti kékeré ni yóò bù ṣán?" Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìró kan dún bí àrá, iná kọ mànà, Olúbọ fò sẹ́yìn láti òkè dé ilẹ̀, apá rẹ̀ kán, àwọn ìka rẹ̀ sì dúdú bí igi tí iná jẹ kù. Mo di èèkù igi àdá mi mú, mo tẹ́ irin rẹ̀ lé ẹnu méjèèjì àpò náà, ó tún dún gbàmù, lẹ́yìn náà ó kú pátápátá.

Ògúndíran fi ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ mú nọ́ọ̀tì tó di apá fáànù mú, ó ń fi gbogbo ara yí i.

"Kò gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n!"

"O ń dì í mọ́ra ni, àna mi! Òdì ni à ń yí i. Ìhà tí à ń gbà di àwọn nọ́ọ̀tì yòókù ni à ń gbà tú u."

Ó yí i sódì, ó tú. A fa irin náà jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀jẹ̀ ọdún pípẹ́ ti dì yí i ká bí ọ̀dà, irun wà nínú rẹ̀, eyín wà nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdébìnrin wà nínú rẹ̀. Òwú tó yẹ kí ó máa fa òróró mu ní ẹ̀gbẹ́ búùṣì ti le bí èèpo igi. Mo wo wáyà bàbà, mo gbóòórùn rẹ̀: kò jóná. Mo fi kẹrosíìnì inú fìtílà mi fọ irin, mo fi ọ̀bẹ ha búùṣì títí ó fi ń dán.

Olúbọ ń ké ní ìsàlẹ̀ pé, "Epo pupa wà nílé mi!"

"Epo pupa yóò dì, yóò sì há a lọ́rùn bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe há a." Mo ya etí aṣọ ọdẹ mi fi dípò òwú, mo da òróró tí mo fi ń pa ìbọn mi sí i, ìgò kékeré kan péré, títí ó fi mu ún yó. Mo fi ọwọ́ yí irin náà. Ó yí wọ̀ọ̀, láìsí ohùn. A dá gbogbo rẹ̀ padà bí a ṣe bá a. Mo ní wọn kò ní rí atẹ́gùn kankan àfi bí wọ́n bá gbé àgò náà wá, wọ́n gbé e wá, a sì dè é mọ́ ọn pinpin. Nígbà náà ni mo fi ìrù rẹ̀ fún ọba òjíjí.

Fáànù gbéra. Atẹ́gùn tútù wọ inú ìlú bí omi tó wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tó ti dákú jókòó. Fáànù náà la ojú, ó la ẹnu, ó sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ta ni ó la ọ̀fun mi?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Adúnbárìn rìn lọ sí ìdí àgò, ó gbé ojú sókè.

"Ṣé òróró ni o ń bèèrè?"

"Òróró ni, ìyá."

"Látọjọ́ yìí?"

"Látọjọ́ yìí. Èmi kì í jẹun. N kò rí ohùn sọ ọ́."

"Báwo ni ó ti pọ̀ tó?"

"Ìgò kékeré kan lọ́dún."

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sí Olúbọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "N kò mọ̀. Ẹ̀yin ará ìlú, n kò mọ̀." Wọ́n fi òkúta lù ú. Wọ́n gbá orí rẹ̀ mọ́ àgò fáànù títí agbárí rẹ̀ fi fọ́, fáànù sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun, òun kò fẹ́. Mo wo ọwọ́ àwọn tó ń lù ú. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ti ènìyàn gun pèpéle fún un.

Adúnbárìn kò mú òkúta. Ó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn náà, ó rìn kọjá ilé rẹ̀, ó kọjá ilé tó kẹ́yìn, ó lọ jókòó sí ìdí àpáta gbígbóná níbi tí atẹ́gùn kì í dé. Mo pè é kí a tó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Èmi àti Ògúndíran padà sí Ìpàpó lọ́wọ́ òfo. Ṣẹ́gilọlá ka ìka ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kí ó tó bú sẹ́kún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí nǹkan bá ń ké nínú ilé yín, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe ọmọ tàbí ìyàwó, ẹ má sáré fi ohun tí ẹ̀rù yín bá sọ dí i lẹ́nu. Ẹ tú u wò, ẹ fi ẹ̀sọ̀ tú u, kí ẹ wo ibi tí ó ti gbẹ. Ohun tí bàbá ẹni ṣe kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di òróró. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé. Kí ọ̀nà yín tutù, kí ẹ bá ilé ní àlàáfíà, kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ẹni wa láéláé.