Ilẹ̀kùn Tó Kọjú Sígbó

Jókòó, àbúrò mi. Káfíńtà kan wà láyé ọjọ́un, nígbà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó ń gba àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun. Wọ́n kó òun àti ọgọ́ta ènìyàn lọ sí etíkun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rí, òkun níwájú, igbó lẹ́yìn. Gómìnà àwọn òyìnbó náà ní kí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Ó ṣèlérí pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọkọ̀ yóò máa gbé ìrẹsì wá fún wọn.

Wọ́n kọ́ ogún ilé onípákó. Káfíńtà yìí ló ṣe gbogbo ilẹ̀kùn wọn, gbogbo rẹ̀ ló sì kọjú sókun, nítorí olórí wọn ní ẹni tí ń retí oúnjẹ kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà bọ̀. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, kò wá mọ́. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ti sin ènìyàn mẹ́sàn-án. Ọmú gbẹ láyà ìyàwó káfíńtà. Abíọ́nà, ọmọ wọn, kò lè sunkún mọ́. Obìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Abíọ́nà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n á jáde látinú igbó, wọ́n á tún yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ilẹ̀kùn yìí sẹ́yìn.”

Káfíńtà mú ayùn. Olórí wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ṣé ẹkùn lo fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún?” Káfíńtà gé ògiri, ó gbé ilẹ̀kùn sẹ́yìn, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi pákó dí ojú tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́mọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí ìyá arúgbó kan fi tinú igbó jáde, ó ru agbọ̀n iṣu sísun. Obìnrin méje tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ gba Abíọ́nà, ó sì fún un lọ́mú.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, ìyá náà ní, “Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé la ti ń gbé oúnjẹ àlejò bọ̀. Ẹ̀yìn ilé là ń bá. Lọ́dọ̀ wa, olè nìkan ló ń gbẹ̀yìn wọlé. A rò pé ẹ ò fẹ́ rí wa ni.” Háà! Orí mi a máa wú tí mo bá dé ibí yìí. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú, oúnjẹ sì wà lẹ́yìn ògiri.

Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógún yòókù sẹ́yìn. Olórí yẹn gan-an ló ń bá a di pákó mú. Lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ̀ gómìnà dé. Ṣọ́bìrì ló kó wá, láti fi sin òkú. Àwọn atukọ̀ wá ilẹ̀kùn títí, wọn kò rí. Wọ́n yí ilé ká, wọ́n bá gbogbo wọn nínú oko iṣu, Abíọ́nà ń rìn tàgétàgé láàárín ebè. Ṣọ́bìrì náà ni wọ́n fi kọ ebè ọdún kejì.

Ìwọ ńkọ́, àbúrò mi? Ọdún méjì rèé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí ò ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ò ń wo fóònù, tí ò ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lókè òkun. Aládùúgbò rẹ wá bá mi lánàá, ó ní kí n bá òun bi ọ́ léèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ọ́. Dìde, lọ kí i.