Ìjàpá àti Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Oníṣòwò Kọ̀wé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí oúnjẹ ti pa yín lẹ́nu mọ́ ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó tó bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi dìde, ó gbọn eruku nídìí, ó gba ọ̀nà ìlú ẹranko lọ. Kò yà sílé Erin, kò yà sílé Ẹkùn, ó di ilé Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ewúrẹ́ ń ké, a gbọ́. Àkùkọ ń kọ, a gbọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá ń dún létí odò. Ta nínú yín ló ti gbọ́ igbe ìjàpá rí? Kò sí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á. Àrẹ̀mú, kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, wá síbi tí mo ti lè rí ẹ.

Abiyamọ kan wà ní ìlú àwọn ẹranko, Adìẹ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ Àwòdì, olè ojú ọ̀run. Àwòdì ti gbé Adìẹ lọ́mọ lọ rí. Ọmọ náà ń ké lókè, ìyá ń sáré nílẹ̀, kò sẹ́ni tó jáde. Ọgbẹ́ yẹn ò jinná lọ́kàn Adìẹ. Ìdí nìyẹn tó fi dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè. Ìyá tó bá ń lọ sóko, tàbí tó ń lọ sọ́jà, á kó ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Adìẹ á na ìyẹ́ bò wọ́n, ọkàn ìyá á sì balẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ kó ọmọ wá, Àparò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó wà lódìkejì odò ò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà, Àwòdì sì ń kó wọn lọ́mọ. Gbogbo ìgbà tí Adìẹ bá gbọ́ ẹkún láti òdìkejì, kì í lè jẹun.

Fóònù ti dé ìlú ẹranko nígbà náà. Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun, búlọ́ọ̀gì ló ń kọ sórí ayélujára. Á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, á sọ ibi tó wà, á sọ ìdí tó fi yẹ kí oníbàárà wá. Adìẹ ò ráyè. Ọmọ kan ń sunkún, òmíràn ń ṣubú sínú omi, èékánná wo ni yóò fi kọ̀wé?

Ìjàpá gbọ́. Ìjàpá tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, tó fẹ́ jẹun! Ẹ̀rọ kan wà nínú fóònù rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ènìyàn ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ènìyàn ló ṣe é, ìwé tí ènìyàn kọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Sọ pé kó kọ̀wé, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ọ́ tán. Ó tún lè fi ohùn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀, gẹ́lẹ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá Òbúkọ kú, Ìjàpá ò yọjú. Ẹ̀rọ ló fi kí i kú ará fẹ́ra kù. Òbúkọ mọ̀, inú bí i débi pé ó kan ògiri. Ẹ gbà mí, ta ló ń fi ẹ̀rọ kí ọ̀fọ̀?

Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ Adìẹ lọ.

"Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o."

"Ẹ ṣé o, Baba Ìjàpá. Ṣé kò sí? Ẹ̀yin kì í ṣàdédé yà síbí."

"Háà! Ṣé ire ò lè gbé mi wá ni? Wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín kọ búlọ́ọ̀gì. Èyí tí mo bá kọ, afọ́jú á fẹ́ kà á."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìgbà wo lẹ di akọ̀wé?"

"Ọgbọ́n inú ni, ìyá. Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan ṣoṣo lẹ ó fún mi."

Adìẹ ronú. Àgbàdo ọ̀hún, oúnjẹ àwọn ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ìyá òdìkejì odò, ó bá gbé e fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé mò ń tọ́jú ọmọ, àti pé mo fẹ́ràn wọn. Kẹ́ ẹ sì kà á sí mi létí kẹ́ ẹ tó gbé e jáde."

"Ẹ má mikàn rárá."

Ẹ ò rí i? Ẹni tó ní ká má mikàn, òun gan-an la á máa mikàn sí.

Ìjàpá délé, ó ti ń sun àgbàdo kó tó jókòó. Ó sọ fún ẹ̀rọ pé, "Kọ búlọ́ọ̀gì fún iléeṣẹ́ Adìẹ tó ń tọ́jú òròmọ. Jẹ́ kó wọ oníbàárà lójú." Wàràwàrà, ẹ̀rọ ti kọ ọ́. Yánníbo yọjú láti ìdí ààrò.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ò ní kà á ni?"

"Kíka kẹ̀? Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ṣe wàhálà, ṣé n ò ní kúkú fọwọ́ ara mi kọ ọ́ ni?"

Ó fi ránṣẹ́ sórí ayélujára. Bó ṣe rí i pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ojúkòkòrò bá gbé e. Ó ní, "Ìwọ ẹ̀rọ, kọ ọ̀kan nípa Ìjàpá náà. Sọ pé ìdí igi àràbà ni ilé rẹ̀ wà. Sọ bó ṣe wúlò tó, kí gbogbo ayé máa rọ́ wá!" Ìyẹn náà, kò kà á. Ó fi ránṣẹ́, ó mú àgbàdo mìíràn.

Ilẹ̀ mọ́. Adìẹ na ọrùn sójú ọ̀nà, ó rí èrò tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó ti ṣe é! Ìjàpá mà ti ṣe é!" Ó sáré lọ pàdé wọn.

Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣíwájú, omijé lójú, ẹ̀mí rẹ̀ ò délẹ̀.

"Adìẹ! Ọmọ mi dà?"

"Ó ń sùn. Kí ló dé?"

"Ṣé ó ń sùn ni, àbí o ti pa á?"

"Kí lẹ wí?"

Pẹ́pẹ́yẹ na fóònù sí i lójú, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀: "Ẹ wá síléeṣẹ́ Adìẹ! Tọ̀sán-tòru la fi ń bọ́ àwọn òròmọ wa kí wọ́n lè sanra. Ẹran wọn rọ̀, kò ní wàhálà lẹ́nu. Ẹ dín wọn, ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀ ata, ẹ ó lá ọwọ́. Ẹ tètè wá kí àwọn tó sanra jù má tán!"

Yéè! Ẹnu Adìẹ là sílẹ̀, kò ṣeé pa dé. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ń wo ojú Pẹ́pẹ́yẹ, ó ń wo ojú Àparò, bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

"Èmi? Èmi tí Àwòdì gbé lọ́mọ lọ? Ìjàpá ló kọ ọ́! Mo bẹ̀ yín, Ìjàpá ni!"

"Orúkọ ta ló wà nídìí rẹ̀?" Àparò bi í léèrè.

Adìẹ wo ìdí ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ ni. Wọ́n kó ọmọ wọn, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ mọ́ àyà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí ìkookò ń lé. Abẹ́ igi ìyeyè dá páropáro. Adìẹ dúró níbẹ̀, kò sí òròmọ kan tí yóò na ìyẹ́ bò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Ó gba ilé Ìjàpá lọ. Kò kí i, kò pè é ní Baba.

"Ìjàpá! Kí lo kọ?"

Àgbàdo kún ẹnu Ìjàpá. "Kí ló dé, ìyá? Ṣé wọn ò wá ni?"

"Wọ́n wá. Wọ́n kó ọmọ wọn lọ." Ó ka búlọ́ọ̀gì náà sí i létí látòkè délẹ̀. Àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ Ìjàpá.

"Mo gbé! Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣèmi."

"Ṣé o kà á?"

Ìjàpá wolẹ̀. "Ìwé ènìyàn ni ẹ̀rọ kà dàgbà. Gbogbo ibi tí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ adìẹ, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń parí sí. Kí wá lẹ̀bi tèmi níbẹ̀?"

Adìẹ fẹ́ fi àgógó ẹnu sọ ọ́ lójú. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tún dá a dúró.

"Ẹ̀rọ yìí náà ló kọ nípa tìrẹ?"

"Tèmi? Tèmi dára! Mo ní kó sọ bí mo ṣe wúlò tó."

"Gbé e wá." Adìẹ kà á sókè: "Ṣé ẹ ti jẹ ìjàpá rí? Ẹran rẹ̀ dùn ju ìgbín lọ. Kò lè sáré, ọwọ́ lásán lẹ ó fi mú un. Ẹ ó bá a nídìí igi àràbà, kò jìnnà sódò. Ẹ mú àáké dání, nítorí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ẹ má gbàgbé ata."

Ìjàpá dì gbagidi. Ojú rẹ̀ yọ síta. "Ata? Ó ní... ó ní ata? Ta ló ti kà á?"

Kí Adìẹ tó dáhùn, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọdẹ kan yọ, àáké léjìká, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ata tó dì sínú ewé. Adìẹ fò sórí ẹ̀ka. Yánníbo wọ inú ihò. Ìjàpá ní òun ń sáré, ẹ ò rí eré! Ọdẹ kàn bẹ̀rẹ̀ ni, ó he é bí ẹni he àgbálùmọ̀.

"Ìwé yẹn mà ò parọ́," ni ọdẹ wí, ó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gba àárín ìlú lọ.

Ni Ìjàpá bá figbe ta. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gbà mí o, ará ilé,
*Jáńjálá, jáńjálá!*
Ọdẹ ń gbé mi lọ sídìí iná,
*Jáńjálá, jáńjálá!*
Èmi ni mò ń ké, kì í ṣẹ̀rọ,
*Jáńjálá, jáńjálá!*
Òbúkọ o, jọ̀ọ́ jáde wá,
*Jáńjálá, jáńjálá!*

Òbúkọ gbórí sókè nínú ilé. "Ohùn Ìjàpá nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ oúnjẹ yín. Bó ṣe dún nìyẹn lọ́jọ́ tó kí wa kú ọ̀fọ̀. Ta ló mọ èyí tó tẹnu rẹ̀ jáde?"

Òbúkọ jókòó. Ilé kejì, bákan náà. Ìjàpá ń ké, ó ń ké, ilẹ̀kùn ń tì. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ya, ohùn há, ó di hììì, ó pin.

Adìẹ wà lórí ẹ̀ka, ó ń wò ó. Ó kọ́kọ́ wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ó tọ́ sí i. Kí wọ́n jẹ ẹ́." Inú ń bí i, ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó dá, ilẹ̀kùn tó tì, àti ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tí kò sẹ́ni tó jáde, ó ti rí irú rẹ̀ rí. Kò lè farada á. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀lé ọdẹ, ó fi gbogbo àyà ké:

"Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀ẹ̀! Ènìyàn ti wọ̀lú o! Wọ́n ń gbé ẹnìkan lọ o!"

Igbe tó ń ké bó bá rí Àwòdì ni. Kò sí ẹranko tí kò mọ̀ ọ́n. Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ já síta, kò tilẹ̀ rántí pé àwọn ń bínú. Àparò jáde. Òbúkọ kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó forí sọlẹ̀, ó fi ìwo bá ọdẹ nídìí gbì! Apẹ̀rẹ̀ bọ́, àáké bọ́, ata fọ́n ká. Ọdẹ kò wẹ̀yìn títí ó fi délé.

Ìjàpá yí gbirigbiri jáde. Pẹ́pẹ́yẹ wo Adìẹ títí. Ó ní, "Ìjàpá, Adìẹ ní ìwọ lo kọ ìwé yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

Ká ní ohùn wà lẹ́nu rẹ̀, ì bá ti sẹ́, ì bá sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ó la ẹnu. Irọ́ mẹ́ta ti tò sí i lẹ́nu, ọ̀kan ò lè jáde. Hììì. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó bá rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ àkọ́kọ́ tí Ìjàpá sọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Háà ló kù tí gbogbo wọn ń ṣe. Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́kún, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi wọ́n sábẹ́ ìyẹ́ Adìẹ lójú ọ̀nà níbẹ̀. Igbe Adìẹ sì ti dé òdìkejì odò. Àwọn ìyá ọ̀hún ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, "Ta ni abiyamọ tó ń ké báyìí nítorí ọmọ ọlọ́mọ?" Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti ń gun ọkọ̀ ojú omi bọ̀, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìjàpá ò ti ní igbe mọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, hììì ni ẹ ó gbọ́. Bó bá sì gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn, á fa orí sínú igbá kíá, ó ń rò pé ẹni tó ka ìwé rẹ̀ ló dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ lè bá yín kọ ọ́, n ò ní kò dára. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọn yóò bá nídìí rẹ̀. Ẹ kà á.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá pa yín nírọ́, kí ohùn mi há lọ́fun bíi ti Ìjàpá. Ṣùgbọ́n bí n kò bá parọ́, kí ẹnu mi dún ketekete: pó, pó, pó!