Òòrẹ̀ Tó Kẹ̀yìn sí Àlejò

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko igbó kì í fi ìkíni ṣeré, ọ̀sán ni òòrẹ̀ máa ń jẹun, òru ni ó máa ń sùn. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dìde nígbà náà. Wọ́n máa ń sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ bí irun tí a fi òróró pa, dúdú àti funfun, wọ́n ń dán.

Òfin kan wà nínú igbó. Bí àlejò bá kágò, onílé gbọ́dọ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ akọ, yóò dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abo, yóò kúnlẹ̀. Kò ní gbé orí sókè títí àlejò yóò fi sọ pé, "Dìde."

Òòrẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Àkàngbé. Òun ni ó gbẹ́ ihò sábẹ́ òkìtì ọ̀gán fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì. Ihò náà jìn, inú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ó ń gbẹ́ ẹ, ìbàdí ara rẹ̀ ni ó fi wọn ẹnu ihò náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwẹ̀ró, ó gba òòrẹ̀ kan. Kò gba méjì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹkùn kágò. Àkàngbé jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹkùn kò sọ pé, "Dìde." Ọrùn ni ó gbá mú.

Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ojú oorun ọkọ rẹ̀ ni ó ń sùn sí, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jin ní ìwọ̀n ara Àkàngbé.

Kò pẹ́, Ẹkùn tún dé. Ó fa ojú ro.

"Àgò onílé o! Àwẹ̀ró, o kú ará fẹ́ra kù. Mo wá kí ọ ni."

Òkété, aládùúgbò wọn, yọ orí láti inú ihò tirẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ tètè jáde, kí ẹ kúnlẹ̀! Àgbà ló dúró yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé opó Àkàngbé kò lẹ́kọ̀ọ́."

Àwẹ̀ró gbéra.

"Ìyá wa," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ké, "bí ẹ bá tẹrí ba, ta ló kù fún wa?"

Àwẹ̀ró wo ọmọ náà. Ó wo ojú oorun tó ṣófo. Ó wá wo ẹnu ihò tí ọkọ rẹ̀ fi ìbàdí wọ̀n. Ó rìn dé ibẹ̀, ó yí padà, ó sì fi ìdí dí i pa.

"Háà!" ni Ẹkùn bú ramúramù. "Ṣé ìdí ni ẹ fi ń kí àgbà nílé yín?"

"Bàbá, àgbà tó bá wá kí wa là ń kojú sí. Èyí tó wá jẹ wá, ẹ̀yìn wa ni yóò rí."

Ẹkùn na ọwọ́ àti ẹnu sí i. Gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn Àwẹ̀ró tó ti ń sùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ dìde gánrangànran, wọ́n ń dún ṣàkà, ṣàkà. Ẹkùn tiro lọ, ẹ̀gún lọ́wọ́, ẹ̀gún lẹ́nu.

"Ẹ ti rú òfin o!" ni Òkété ké. "Àwọn tí yóò kágò lọ́la ńkọ́?"

"Ọ̀sán ni wọ́n ń kíni," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Èmi á máa sun ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò retí ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́, mo máa jáde lọ wá iṣu fún àwọn ọmọ Àkàngbé."

Ó sì sùn lọ níbẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ihò náà gbà á rẹ́gí.

Láti ọjọ́ náà ni òòrẹ̀ ti ń sun ọ̀sán nínú ihò, tó ń jẹun lóru. Bí ẹ bá bẹjú wo ihò rẹ̀, ojú kọ́ ni ẹ ó rí, ẹ̀gún dúdú àti funfun ni. Ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló kojú sí.