Ìdí Tí Ìfági Fi Ń Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀ Sùn

Nígbà láéláé, kí irinṣẹ́ tó kọ́ bí a ti í panu mọ́ níwájú ọ̀gá, Ìfági máa ń dojú bolẹ̀ sùn bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ mọ Ìfági. Òun ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń fá pákó kó lè dán. Abẹ́ ikùn ni ẹnu rẹ̀ wà, irin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ bí eyín. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, tó tún ń dojú bolẹ̀ sùn, ó ń wá nǹkan.

Ní ìsọ̀ Ọnàwùmí gbẹ́nàgbẹ́nà, Ìyá Ìpọ́n ló dàgbà jù. Òkúta ìpọ́nrin ni, ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Opó ni. Ọ̀bẹ ló fẹ́ ẹ. Ó ń pọ́n ọkọ, ó ń pọ́n ọkọ, títí ọkọ fi tín-ín-rín, tó sì tán. Láti ìgbà náà kò dẹ ohùn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ọnàwùmí ti ọjà àlòkù dé, ó da apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀. Láàárín ìṣó tó ti wọ́ àti kọ́kọ́rọ́ tí kò nílé mọ́, Ìfági kan yí jáde. Ó ti dógùn-ún láti orí dé ìdí. Ikán ti tọ́ etí igi rẹ̀ wò. Ìpáàrà àti àfákù igi àtijọ́ ti dí i lẹ́nu pa.

Nígbà náà, gbogbo irinṣẹ́ ló ní ilà lójú. Alágbẹ̀dẹ ló ń kọ ọ́ fún wọn, òun la fi ń mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ti Ìfági yìí, kò sí.

Ayùn, tí eyín kún ẹnu rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo ojú bí àwo! Kò ní àbàjà, kò ní pélé. Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

"Mù-ù-ù," ni Ìfági wí.

"Ọmọ Mù-ù-ù! Ẹ kú àlejò o, ará ilé Mù-ù-ù!"

Òòlù rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lára igi. Ṣùgbọ́n Ọnàwùmí kò rẹ́rìn-ín.

"Irinṣẹ́ tí a kò mọ ilé rẹ̀, ìjà ló ń fà wọlé," ló wí. "Bí a kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kí oòrùn ọ̀la tó kan àtàrí, mo ń gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Á yọ́ irin rẹ̀, á fi rọ ìṣó. Igi rẹ̀ á di ìdáná."

Ó wọlé lọ jẹun. Omi pupa kan ro tó lára Ìfági.

"Ta ló ń sunkún níbẹ̀?" ni Ìyá Ìpọ́n bi í. "O tún fẹ́ fi omi kún ìpáàrà? Gbé e mì!"

Lẹ́yìn náà ló ké sí Eépín, ewé líle tí a fi ń ha nǹkan kó lè mọ́, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé. "Eépín, wá. Iṣẹ́ tó bá ara líle rẹ mu ti dé."

Eépín fá Ìfági láti orí dé ìdí, ìpáàrà ń já bọ́ bí èépá.

"Ìyá, ṣé kí n kan irin ẹnu rẹ̀ náà?"

"Kúrò ńbẹ̀! Irin ẹnu, tèmi ni."

Ìyá Ìpọ́n ní kí wọ́n rọ adí sí Ìfági lẹ́nu, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí adí wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí Òòlù rọra gbá a ní ìpàkọ́. Kó! Àfákù igi fò jáde. Ìfági wúkọ́, ó wúkọ́, ó wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ ilé yìí ni mí. Bàbá Ọnàyẹmí ló ni mí, bàbá tó bí ọ̀gá yín. Nígbà tí bàbá kú, àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ ló kó wa lọ."

"Mo mọ irú wọn," ni Ìyá Ìpọ́n wí. "Ẹni tó sunkún jù ló ru ẹrù tó wúwo jù."

Ayùn fi eyín kéékèèké rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọmọ tó sọnù ló ń pe olówó ní bàbá. Èmi náà, ọba ló bí mi. Ilà dà?"

Òòlù, tí inú rẹ̀ dára ju orí rẹ̀ lọ, ní, "Ìyá, ẹ kúkú pọ́n ọn kó máa kọ mọ̀nà. Bó bá ń dán, ọ̀gá ò ní rántí béèrè ilà."

Oòrùn ti ń gòkè. Ìyá Ìpọ́n na ara rẹ̀ sílẹ̀, Ìfági gbé eyín lé e. Àfi bí nǹkan ṣe ha á lára lójú méjì.

"Dúró! Eyín rẹ kán. Kí lo jẹ?"

"Ìṣó ni, Ìyá. Bàbá gbé mi kalẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mo sùn lé ìṣó. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí fá pákó tí wọ́n fá kẹ́yìn."

"Pákó wo?"

"Pákó ilẹ̀kùn."

Ìyá Ìpọ́n gbójú sókè wo ilẹ̀kùn tó ti ń jókòó tì láti ọdún gbọọrọ. Oòrùn àárọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kàn án. Ilà méjì tín-ín-rín yọ lára pákó náà látòkè délẹ̀, ọ̀kan sanra díẹ̀, ìkejì rí bí irun orí. Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn. Ó tilẹ̀ ti sọ wọ́n ní Ìyá àti Ọmọ, torí opó a máa wá ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ó yára yí ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ eyín náà. "Mo mà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn ara mi nu ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ nù!"

Ó figbe ta. "Ọnàwùmí! Ọnàwùmí o! Mú pákó wá!"

Ọnàwùmí jáde, ó ti fi àpò kọ́ èjìká. "Ìyá, oòrùn ti ń gòkè."

"Oòrùn náà ni mo ní kó o wá wò. Fi ọmọ yìí fá pákó."

Ọnàwùmí tì í síwájú. Ìfági kọsẹ̀, ó wúkọ́, ó sì mú igi jẹ. Ilà méjì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan sanra díẹ̀, ìkejì rí bí irun orí. Ọnàwùmí gbé pákó náà sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èékánná tọ ti ibí, ó fi tọ ti ọ̀hún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ bàbá mi rèé," ló wí.

"Ayùn ní kò ní ilà," ni Ìyá Ìpọ́n wí. "Àwọn kan ń kọ ilà sójú. Ara igi lòun kọ tirẹ̀ sí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ayùn kó eyín rẹ̀ jọ, ó panu dé. Ọnàwùmí ju àpò sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Ìfági mí kanlẹ̀, àfákù igi tó kù nínú rẹ̀ sì fò lọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìpọ́n tó pọ́n ọn. Ó pọ́n ọn títí ojú kíkán náà fi lọ, títí eyín fi mú bí abẹ. Nígbà tó máa fi bojú wo ara rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti jin bí inú ṣíbí. Ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ pàápàá kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ìfági yán, ó sì fẹ́ dojú bolẹ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sùn, Ìyá."

"Lórí ẹnu tí mo fi ikùn mi pọ́n? Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, jàre! Ikùn kan ni mo ní."

Ìfági rẹ́rìn-ín, ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì sùn bí ọmọ tó délé.

Láti ọjọ́ náà ni ìfági ti ń fẹ̀gbẹ́ sùn ní ìsọ̀ gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà, ọjọ́ náà sì ni ikùn òkúta ìpọ́n ti jin. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, tó da ìfági dojú bolẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ọ̀gá yóò jágbe mọ́ ọn. Ọ̀gá kò mọ̀ pé ohùn opó ni òun ń lò.